Ta Ni Yóò Di Rìmóòtù Mú?

Owú orogún kì í bà mí lẹ́rù púpọ̀. Orogún mọ̀ pé ìjà lòun bá wọlé, ó ti múra sílẹ̀. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ni owú tí èèyàn ń jẹ sí ẹni tó fẹ́ràn dénú. Yóò máa bu tíì fún un, yóò máa kí i kú iṣẹ́, inú rẹ̀ yóò sì máa ho bí omi tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Irú rẹ̀ ló mú Àǹtí, mo sì fẹ́ ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí. Ẹni tí inú bá bí, kó bínú.

Iṣẹ́ awò ojú ni Àǹtí ń ṣe. Òun kọ́ ló ń jókòó níwájú tó ń ní kí èèyàn ka lẹ́tà ara ògiri o. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni tirẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tí ń lọ gíláàsì, níbi tí omi ti ń ta sí i láyà látàárọ̀. Bí etí gíláàsì bá fi bí irun orí ju bó ṣe yẹ lọ, yóò rí i. Ojú yìí kan náà ló gbé lọ sídìí géèmù, ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n jọ ń ta á fi ń pè é ní Ojú Àwòdì.

Géèmù ọ̀hún, Ìlú Abẹ́ Omi lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì ta á rí, kò le. Ìlú ńlá kan ló wà, pẹ̀lú ọba rẹ̀, ìwọ tó o di páàdì mú sì ni jagunjagun ọba. Wàá máa bá iwin jà, wàá máa wá idà kiri, wàá máa bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ẹnìkan á ṣí ilẹ̀kùn odò, omi á gbé ìlú mì, ọba á di àwátì. Ta ló ṣílẹ̀kùn? Wọn ò sọ. Àwọn tó ṣe géèmù náà dá a dúró síbẹ̀ bí ẹni já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ, wọ́n sì gbàgbé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgbà tí wọ́n wá kéde pé apá kejì ń bọ̀, ẹnu ò sinmi mọ́. Wọ́n gbé fíìmù kúkúrú kan jáde láti fi polówó rẹ̀. Ẹnìkan tó fi irin bojú dúró lórí omi, ó di idà mú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ wá di ta ló wà lábẹ́ irin. Àwọn kan ní iwin ni. Àǹtí ní ọba fúnra rẹ̀ ni, pé kò kú, ó ń bọ̀ wá gbẹ̀san. Nígbà tó sì jẹ́ pé Ojú Àwòdì ló sọ ọ́, gbogbo gúrúpù gbà.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gúrúpù wọn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí fíìmù tuntun bá jáde, òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá a wò nílé. Wọ́n á pàdé ní yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, ẹni tí wọ́n ń pè ní Alága. Wọ́n á gbé àwòrán sára ògiri, ẹnìkan á sì di rìmóòtù mú. Ibi tó bá wu ẹni yẹn ló lè dá àwòrán dúró sí. Tó bá sì ti dá a dúró, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lanu títí yóò fi ṣàlàyé ohun tó rí. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó di rìmóòtù mú, ọba ni.

Ọwọ́ nínà ni wọ́n fi ń yan onítọ̀hún. Ẹni tó bá ní àbá á gbé e kalẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí kan pamọ́ tí etí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì gbọ́, kó wá mú un jáde lójú gbogbo wọn kí wọ́n tó nawọ́. Ẹ̀rí ìsàlẹ̀ àpò ni wọ́n ń pè é. Bí iṣu ẹni bá ta, ṣebí à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Ẹ̀rí tí etí kan bá ti gbọ́ ṣáájú ti kú nìyẹn, àbá tí kò sì ní ẹ̀rí ìsàlẹ̀ àpò kò lè gba rìmóòtù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá gúrúpù sílẹ̀, Àǹtí nìkan ló ń di rìmóòtù yẹn mú. Níbi iṣẹ́, wọn kì í pè é sípàdé. Nílé, kò sẹ́ni tí ń bi í pé kí ló rò. Yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń dákẹ́ kí òun lè sọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wá gbé wàhálà wọlé. Ó ríṣẹ́ sí ìlú náà, ó sì kó wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iṣẹ́ gbígba ìpè ni, ní ilé iṣẹ́ kan tí ń ta fíríìjì. Látàárọ̀ dalẹ́, "Ẹ má bínú mà, mo ń gbọ́ yín" ló ń sọ fún àwọn tí omi yìnyín wọn ti yọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tó bá wá délé, yóò jókòó ti Àǹtí, yóò máa bi í ní ìbéèrè nípa géèmù. Ta nìyí? Kí ló fẹ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ pa á? Ó sú Àǹtí, ó bá ju páàdì sí i lẹ́sẹ̀.

"Gbà. Ta á fúnra ẹ, kó o jẹ́ kí n rímú mí."

Bó ṣe ń ta á ló wá ń bí Àǹtí nínú. Kì í sáré. Gbogbo ará ìlú tó bá pàdé ló ń dúró kí.

"Ṣé ìkíni ni wọ́n ní kó o wá kí wọn ni? Iwin ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ!"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu bàbá yìí ná."

Àǹtí fẹ̀rín sí i, ó sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Orúkọ yẹn náà ló bá wọ gúrúpù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọn ò lọ síṣẹ́, Jẹ́jẹ́ gbé páàdì sílẹ̀ kó lọ gé búrẹ́dì. Jagunjagun rẹ̀ dúró sẹ́sẹ̀ afárá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó kan tí gbogbo ayé mọ̀. Tó o bá kí ìyá yìí, "Máa lọ, ọmọ mi" ló ń sọ, kò ní sọ nǹkan mìíràn. Àǹtí ti ta géèmù náà tán àìmọye ìgbà, kò dúró tì í rí. Ṣé ẹni tí ìlú ń rì lé lórí ló máa dúró ti arúgbó? Jẹ́jẹ́ ṣì ń wá ọ̀bẹ ní ìdáná nígbà tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

"Èmi ni àkọ́bí," ó ní. "Àbúrò mi ni wọ́n dé ládé."

Àǹtí dìde jókòó lórí àga gbọọrọ tó nà sí. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, tí mo bá ní kò dùn, irọ́ ni mo pa. Àmọ́ kí Jẹ́jẹ́ tó fi gbogbo ẹnu pariwo "Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tó sọ?" ayọ̀ yẹn ti yí padà. Ó rí i kedere pé ohun tí òun wá títí, òun kọ́ ló rí i.

Jẹ́jẹ́ kọ ọ́ sínú gúrúpù. Ó ní ìyá arúgbó yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọba, òun ló ṣí ilẹ̀kùn odò nítorí adé tí wọn ò fún un, òun náà ló sì wà lábẹ́ irin. Gúrúpù dàrú. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ wá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn lọ dúró ti ìyá arúgbó, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń kígbe. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, Tíṣà ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ràn kó máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "gẹ́gẹ́ bí Ojú Àwòdì ti wí". Lọ́jọ́ yẹn ó kọ ọ́ pé, "gẹ́gẹ́ bí Jẹ́jẹ́ ti wí".

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn dun Àǹtí wọnú egungun.

"O káre," ó ń fi ẹnu sọ fún àbúrò rẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ yàtọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta ló ra ẹ̀rọ géèmù? Ta ló kọ́ ọ ní bọ́tìnnì? Ọmọ tó ń kí gbogbo èèyàn bí ẹni ń wá ọkọ! Ibi tó ti ń bínú ló ti lọ gíláàsì oníbàárà kan kọjá ààlà, tó sì fọ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹnìkan wọ gúrúpù tó pe ara rẹ̀ ní Òtítọ́ Korò. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n wo ni yóò torí adé àbúrò rẹ̀ ri odindi ìlú? Ọ̀rọ̀ ọmọdé." Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ẹni tó jẹ́. Orí àga ibi iṣẹ́ ni Àǹtí ti dá orúkọ yẹn sílẹ̀, nígbà ìsinmi ọ̀sán, pẹ̀lú ìyẹ̀fun gíláàsì lábẹ́ èékánná.

Nírọ̀lẹ́, Jẹ́jẹ́ gbé fóònù wá bá a.

"Àǹtí, ẹ wo nǹkan tí ẹnìkan kọ sí mi."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ó dà bí ẹni tí ebi ń pa. Ẹ bá mi dá a lóhùn, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Ẹ wo ìyà tó ń jẹ èèyàn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àǹtí jókòó, ó ń wá èsì tí àbúrò òun máa fi bá òun wí. Ó dábàá ọ̀rọ̀ tútù kan, pé olúkúlùkù ló ní èrò tirẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní ó ti tutù jù, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ìwọ Òtítọ́ Korò, ṣé o tiẹ̀ ní àbúrò? Tó o bá ní, lọ bi í bó o ṣe ń ṣe sí i."

"Ìwọ?" Àǹtí fò sókè. "O ò lè sọ pé 'ẹ̀yin' ni? Ṣé o mọ bí onítọ̀hún ṣe dàgbà tó ni?"

"Àgbà kì í bojú bú èèyàn, Àǹtí."

Ó fi fóònù sílẹ̀, ó lọ ń fọ abọ́. Ọmọ tí òun ń wẹ̀ fún nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ló ń pe òun ní ìwọ lójú gbogbo ayé, kò sì sí ẹnu tí òun máa fi bá a wí.

Ìjà yẹn ń lọ bẹ́ẹ̀ títí fíìmù gígùn tí wọ́n tún fẹ́ fi polówó géèmù náà fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Òtítọ́ Korò ń gún un lábẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, Jẹ́jẹ́ ń gbé e wá fi han Àǹtí nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́ pe Àǹtí jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ti rí ẹ̀rí ìsàlẹ̀ àpò òun. Ó mú jagunjagun rẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ afárá, ó bọ́ ìhámọ́ra rẹ̀ sílẹ̀, ó ju idà sódò. Ìyẹn nìkan, kò sẹ́ni tó ń ta géèmù dáadáa tó jẹ́ ṣe é. Idà tí èèyàn fi ọ̀sẹ̀ wá! Ilẹ̀ ṣú nínú géèmù, ó mọ́, jagunjagun ò kúrò lójú kan. Ìyá arúgbó náà wá gbójú sókè.

"Mo pọ̀n ọ́n rí," ó ní. "Kò rántí."

Nígbà tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́ni nílé, ẹ̀yìn Àǹtí ni Jẹ́jẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. Àǹtí mọ̀ ọ́n.

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni," Jẹ́jẹ́ ní. "Ẹ̀yin nìkan. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní àbá tiyín, kò sì yẹ kí n fi hàn yín. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kí n má sọ fún yín?"

Ká ní ọ̀rọ̀ ayé ń rí bó ṣe yẹ ni, ibẹ̀ ni owú yẹn ì bá kú sí. Àǹtí tiẹ̀ sunkún díẹ̀ ní yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ṣí fóònù níbi iṣẹ́, ó rí i tí Tíṣà kọ ọ́ pé ní tòun o, Jẹ́jẹ́ lòun máa nawọ́ fún, Ojú Àwòdì ti di rìmóòtù tó. Alága ní ọ̀rọ̀ náà jọ òun náà lójú. Ẹ̀jẹ̀ gun Àǹtí lórí. Ó wọ inú Òtítọ́ Korò, ìka rẹ̀ ń sáré, ó ń já àbá àbúrò rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀rí kìíní, ẹ̀rí kejì, ó wá fi dé e lórí pé, "Pípọ̀n tó ní òun pọ̀n ọ́n kò sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń pọn ọmọ." Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Inú rẹ̀ fúyẹ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó ṣe ń gbé gíláàsì sínú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Kò sí ẹni tí Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ pípọ̀n fún. Òun ti bá ẹ̀rí jiyàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé jáde. Ó ju gíláàsì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ olómi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti fèsì sábẹ́ rẹ̀. "Pípọ̀n wo?"

Nígbà tó délé, Jẹ́jẹ́ jókòó, tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Tíì yín wà lórí tábìlì."

Àǹtí mu tíì náà. Ó ń retí kí fóònù dé iwájú òun bó ṣe máa ń dé. Kò dé.

"Òtítọ́ Korò ò kọ nǹkan lónìí ni?"

"Ó kọ ọ́. Ó ti pa á rẹ́."

"Kí ló wí?"

"Ẹ jẹ́ kó máa wí." Ó dìde, ó kó ife. "Ṣé kí n bá yín gbé omi kaná?"

Ohùn tó fi sọ ọ́, Àǹtí mọ̀ ọ́n. Ohùn tó fi ń dá àwọn oníbàárà fíríìjì lóhùn ni.

Lọ́jọ́ ìwòran, yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà. Alága ní kí àwọn alábàá gbé ẹ̀rí wọn jáde. Àǹtí kọ́kọ́ dìde. Ó ní ọwọ́ òsì ni ọba fi ń di idà mú nínú apá kìíní, ọwọ́ òsì náà sì ni ẹni abẹ́ irin fi di tirẹ̀ mú. Wọ́n mi orí, kò burú. Gbogbo ojú wá yí sí Jẹ́jẹ́. Àwọn kan ti ń gbé ọwọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní ẹ̀rí ìsàlẹ̀ àpò," ó ní. "Èyí tí mo ní, ẹnìkan ti gbọ́ ọ. Òfin ni òfin. Ẹ fún Àǹtí mi."

Wọ́n ráhùn, wọ́n bẹ̀ ẹ́, Alága ní àwọn lè tẹ òfin náà díẹ̀, ó kọ̀. Bí rìmóòtù ṣe dé ọwọ́ Àǹtí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó ń wá, ara rẹ̀ sì tutù bí ara ẹni tí òjò pa.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Omi, afárá tó ti rì, agogo tí ń dún lábẹ́ odò. Ẹni abẹ́ irin jáde, ó fi ọwọ́ òsì di idà mú. Ó gbé ọwọ́ kejì sójú, ó ṣí irin náà kúrò. Ìyá arúgbó ẹsẹ̀ afárá ni.

Igbe ta. Àǹtí tẹ bọ́tìnnì, àwòrán dúró, ojú ìyá náà gba gbogbo ògiri. Gẹ́gẹ́ bí òfin, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wo Ojú Àwòdì kó wá ṣàlàyé. Òun náà ń wo ojú ìyá náà. Tíṣà ni kò lè mú un mọ́ra.

"Jẹ́jẹ́ ti sọ ọ́! Jẹ́jẹ́, jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀rí tó kù?"

"Ó ní, 'Mo pọ̀n ọ́n rí. Kò rántí.'"

"Pípọ̀n!" Tíṣà fò dìde lórí àga. "Òtítọ́ Korò kọ ọ́! Mo rí i kó tó pa á rẹ́. Ó mọ̀ nípa pípọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ibo ló ti gbọ́ ọ? Ta ló sọ fún un?"

Àǹtí ń wo ilẹ̀, rìmóòtù ń yọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo sọ fún un," Jẹ́jẹ́ ní.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Alága ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀, fíìmù ò tíì tán, kí Ojú Àwòdì jẹ́ kó máa lọ. Àǹtí wá bọ́tìnnì náà, kò rí i. Ó ń fi ìka wá a káàkiri, omi ti bò ó lójú. Jẹ́jẹ́ dìde wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́, ó bá a tẹ̀ ẹ́ láìwo ojú rẹ̀, ó sì lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn yòókù.